Ọ̀bẹ Mangbetu Nínú Agbẹ̀dẹ Ràímì

Wọn ò tíì pe ìrun àsùbáà ní Ṣakí tí mo fi dé ibùdókọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ìlara ló jí mi. Mò ń lọ sí Ìsẹ́yìn lọ wo ọ̀bẹ tí gbogbo ayé ń torí ẹ̀ yin Ràímì, kí n lè padà wá sọ pé kò tó nǹkan.

Alágbẹ̀dẹ ni mí, ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni Ràímì ti kọ́ṣẹ́, èmi gan-an ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fín ẹwìrì sí iná. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá ń kú lọ, ọmọ owú, òòlù tó fi ṣiṣẹ́ láyé ẹ̀, Ràímì ló gbé e fún. Bàbá ní Ràímì ní sùúrù jù mí lọ. Èmi ọmọ bíbí inú ẹ̀! Ó ń ta mí lára títí dòní.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni dẹ́rẹ́bà gbà, ó sì fún àwa mẹ́rin mọ́ ẹ̀yìn. Látìgbà tá a ti kọjá Àgọ́-Àrẹ, ihò lórí ihò ni. A ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ní Òtu. Ó dùn ju ti Ṣakí lọ, ìyẹn náà bí mi nínú.

"Bàbá, ṣé òkú lẹ ń lọ sin ni?" dẹ́rẹ́bà bi mí. "Ojú yín le."

"Wa mọ́tò ẹ jàre."

Ní ìdí iṣẹ́ wa, alágbẹ̀dẹ tó bá wọ agbẹ̀dẹ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ á kọ́kọ́ bá a fín ẹwìrì díẹ̀, láti bọ̀wọ̀ fún un. Nígbà tí mo dé Ìsẹ́yìn, mo kọjá lára ẹwìrì Ràímì bí ẹni tí ò rí i. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ewu ọ̀nà! Ó mà tó ọjọ́ mẹ́ta o."

"Ọ̀bẹ ọ̀hún dà?"

Ará Kóńgò tó fẹ́ ọmọ ẹ̀ ló mú un wá mọ́ ẹrù ìdána. Ẹ gbọ́ o! Àwọn àna tèmi, iṣu àti oyin ni wọ́n gbé wá. Ràímì ní ẹ̀yà Mangbetu ni àna òun, trumbash ni wọ́n ń pe ọ̀bẹ náà, ó tẹ̀ kọrọdọ bíi dòjé. Àwọn ìjòyè wọn kì í fi gé nǹkan kan. Wọ́n kàn ń mú un dání láwùjọ ni, kí èèyàn lè mọ ipò wọn. Èmi tí mò ń rọ ọkọ́ látàárọ̀ dalẹ́, tí àwọn àgbẹ̀ ń ná an ní ìnákúnàá! Mo jowú alágbẹ̀dẹ Mangbetu tí n ò rí rí.

Ràímì kó irin ọ̀bẹ méjì sílẹ̀, méjèèjì láìní èèkù. Ó ní òun ti rọ irú ẹ̀ kan, kí n bá òun wò ó. Ó fẹ́ sọ èyí tó jẹ́ tiẹ̀.

"Dákẹ́! Ọmọ ta ni mí tí n ò ní mọ̀ ọ́n?"

Ọ̀kan dán, ẹnu ẹ̀ mú, ihò méjì tó wà lára ẹ̀ dọ́gba. Mo gbé e sókè fún àwọn ahunṣọ òfì tó ti rọ̀gbà yí wa ká. "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́! Kò sẹ́ni tó lè rọ irú èyí ní gbogbo Òkè-Ògùn." Mo wá mú èkejì. "Èyí ni tìẹ, Ràímì. Ẹ̀yìn ẹ̀ rí gbágungbàgun. Ihò kan ga ju èkejì lọ. Bàbá mi ì bá ti dá a padà sínú iná."

Ràímì mú èèkù igi tó bá ọ̀bẹ Kóńgò náà wá jáde. Wọ́n gbẹ́ orí èèyàn sí i, orí tó gùn sẹ́yìn, nítorí àwọn Mangbetu àtijọ́ máa ń di orí ọmọ wọn kó lè gùn bẹ́ẹ̀. Ó fi bọ ìdí ọ̀bẹ tí mo yìn, kò wọlé. Ó fi bọ ìdí èyí tí mo bú, ó wọlé ṣinṣin.

Àwọn ahunṣọ bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, ilẹ̀ ò sì lanu kí n kó sí i. Ràímì nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Omi ti lé ròrò sójú ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, látìgbà tí bàbá ti kú, ẹ ò yin iṣẹ́ mi rí, àfi lónìí."

Mo lọ jókòó sídìí ẹwìrì ẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fín in.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mo délé. Ìyàwó mi, tó mọ ohun tó gbé mi lọ, ti ń dúró.

"Bàbá Múíná, ọ̀bẹ ará Kóńgò ńkọ́?"

"Ti Ràímì ló dáa jù."

Ó dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ìlara náà ò tíì tán nínú mi o, n ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bàbá mi mọ ẹni tó gbé ọmọ owú fún.