Mọ́ọ̀sì Tí Ìyá Ọkọ Mi Bá Mi Fọ̀

Òórùn ilẹ̀ tútù ló máa ń pàdé mi tí mo bá ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé wa lọ́nà Addo, nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà ẹ̀spírẹ́ẹ̀sì, tí eruku ń wọlé tọ̀ wá láti iwájú. Oòrùn kì í dé àyè tóóró tó wà láàárín ilé àti fẹ́ǹsì yẹn. Ibẹ̀ ni mo gbin mọ́ọ̀sì sí, nǹkan rírọ̀ aláwọ̀ ewé tó máa ń bo etí kànga àti ògiri tí omi bá ti ń rin. Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbìn ín. O lè rẹ́rìn-ín. Gbogbo àdúgbò ló rẹ́rìn-ín. Mo ha á lára gọ́tà, mo fi omi ògì lẹ̀ ẹ́ mọ́ búlọ́ọ̀kù, omi òjò nìkan ni mo sì ń wọ́n sí i, torí pé omi ẹ̀rọ àdúgbò wa níyọ̀, ó máa ń pa á.

Àwọn ọdún tí mò ń wá ọmọ nìyẹn. Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ kì í mọ́ bá a nílé, ìgbà tó bá sì wu ọ̀nà ló ń dá a padà. Tí àwọn ẹbí bá ti pè, tí wọ́n ní, "Ṣé kò tíì sí nǹkan?", ẹ̀yìnkùlé ni mò ń lọ. Màá lóṣòó, màá rọra fọwọ́ pa mọ́ọ̀sì mi lára. Kì í yára dàgbà, ṣùgbọ́n ó ń dàgbà, èmi ni mo sì gbìn ín. Mi ò mọ bí ǹ bá ṣe la ọdún wọ̀nyẹn já láìsí i.

Ọlọ́run wá dá wa lóhùn. Ìyá ọkọ mi dé láti Ìjẹ̀bú wá bá mi wẹ ọmọ, obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Nígbà tí ìkómọ ku ọ̀la, mo jókòó sẹ́nu fèrèsé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọmọ ń mu ọyàn, ni mo gbọ́ tí nǹkan ń ha ògiri nísàlẹ̀. Mo yọjú. Màmá ti ká ìró sókè, búrọ́ọ̀ṣì onírin lọ́wọ́, omi bílíìṣì nínú báàfù.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀!"

"Kí n fi í sílẹ̀ kí àwọn àlejò wá máa sọ pé ìyàwó mi dọ̀tí? Fọkàn balẹ̀, jàre."

"Màmá, mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é mọ́."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì ké sí aládùúgbò wa lódìkejì fẹ́ǹsì: "Ẹ̀ ń gbọ́ ìyàwó mi? Kò fẹ́ kí n ṣe wàhálà o! Ilé ire ni wọ́n ti kọ́ ọ." Ló bá tún ki búrọ́ọ̀ṣì bọ omi.

Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe é: tí àgbà bá ń bá ọ ṣiṣẹ́, dandan ni kí o ní kí ó fi í sílẹ̀, òun náà ò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi ni ìyàwó tó gbẹ̀kọ́ máa ń sọ. Bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́ tó. Igbe nìkan ni ì bá yé e, ta ló sì fẹ́ kígbe mọ́ ìyá tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí rẹ̀? Ọgbẹ́ ìbímọ kò jẹ́ kí n lè sáré sọ̀kalẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wo omi aláwọ̀ ewé tó ń ṣàn lọ sí gọ́tà, omijé ń bọ́ sórí ọmọ.

Nígbà tí ọkọ mi dé, ó wo ògiri, ó wo ojú mi. Ó yé e. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá." Kí ni ì bá tún sọ? Èmi náà kúnlẹ̀, mo dúpẹ́.

Mi ò bínú sí i. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, ohun tó sì jẹ́ kó le nìyẹn, torí kò sí ibi tí èèyàn lè di irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ mú kó sọ pé ó tó. Ẹ̀kọ́ ilé dára, mo sì ń kọ́ ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí n fi nǹkan òun sílẹ̀ lónìí, mo máa ń dúró wo ojú rẹ̀ dáadáa. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ mi ni Màmá gbọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó yìn mí fún un.