Alága wa tó dúró níwájú epo

Bí o bá gba Fìdítì kọjá lásìkò ọsàn, òórùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ. Àwọn obìnrin a to ọsàn jọ bí òkìtì lẹ́bàá títì, àwa ọlọ́kadà a sì máa dúró de èrò lábẹ́ igi tó wà níwájú wọn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ọkùnrin tí a fi ṣe alága ẹgbẹ́ wa. Pàṣán ni alága tó wà ṣáájú rẹ̀ fi ń darí wa. Bí a bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, àyà wa á já. Ṣùgbọ́n eléyìí kì í jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan nínú wa tilẹ̀ rò pé ojo ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọkọ̀ agbépo kan dojú dé lọ́nà Jóbẹ̀lẹ́. Bẹntiróò ń ṣàn wọ gọ́tà bí omi òjò, ó ń rùn sí wa nímú. Kí a tó mọ̀, àwọn èèyàn ti ń gbé kẹ́ẹ̀gì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì bọ̀. O mọ bí ìlú ti le tó; ta ni yóò rí epo nílẹ̀ tí kò ní bù ú? Alága wa gbé ọ̀kadà rẹ̀ dábùú ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ padà. Iná lẹ fẹ́ lọ bù yẹn o.”

“Ṣé bàbá ẹ ló ni epo ni?” Géńdé kan ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì tì í ṣubú. Inú bí mi, mo ní kí a lù wọ́n.

Alága mi orí bó ti ń dìde. “Rárá, àbúrò. Ẹ ṣáà wá dúró tì mí.”

A dúró tì í, a di ara wa lọ́wọ́ mú. Ìyá àgbà kan ló kọ́kọ́ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà, tó ń kùn. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà náà la gbọ́ igbe. Ọmọọṣẹ́ awakọ̀ ti há sínú ọkọ̀. Alága wò wá yíká, kò rán ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sáré lọ. Ó ti ń fa ọkùnrin náà bọ̀ nígbà tí iná ràn.

Ọmọọṣẹ́ awakọ̀ yè é. Alága ló jóná jù. Mo lọ kí i ní ọsibítù n'Íbàdàn, mo sì sọ fún un pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ò tilẹ̀ bà yín.”

Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Gbogbo ara mi ló ń gbọ̀n. Má parọ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́.”

Kò padà wálé mọ́.

Èmi ni wọ́n fi sípò rẹ̀. Bí wọ́n bá ń pè é ní akọni níbi ìpàdé, ìyàwó rẹ̀ a dìde, a jáde. Mi ò dá a lẹ́bi. Ọkọ ló ń wá, kì í ṣe akọni. Èmi náà, bó bá ṣe pé a ń yàn ni, kó wà láàyè ni ǹ bá yàn. Síbẹ̀, bí mo bá fẹ́ rán ọmọ ẹgbẹ́ kan lọ síbi tí ẹsẹ̀ tèmi kò fẹ́ tẹ̀, ńṣe ni mo máa ń rántí bó ti wò wá yíká lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà, màá bọ́ síwájú, tàyà-jíjá tàyà-jíjá.