Afínjú, Ẹṣin Tí Kò Gbọdọ̀ Jáde

Òjò ló rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ Sátidé náà, òjò wẹ́wẹ́ tí kò pariwo, ṣùgbọ́n bó ṣe ń kan ilẹ̀ ló ń di yìnyín. Nígbà tí mo fa kọ́tìnnì, gbogbo Steilshoop, àdúgbò wa ní Hamburg, ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Igi ń dán, irin tí wọ́n ń so kẹ̀kẹ́ mọ́ ń dán, ọ̀nà tó lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì ń dán. Kò sí atẹ́gùn rárá. Ọkùnrin kan wà nísàlẹ̀ tó ń fa ajá rẹ̀, tàbí kí n kúkú sọ pé ajá ló ń fà á, àwọn méjèèjì ń yọ̀ kiri bí ẹni tó tẹ omi ilá. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì padà sórí àga mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Heizung tó ń mú ilé gbóná, níbi tí mo ti ń jókòó látìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀.

Bùnmi, ọmọ mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ti múra ibi iṣẹ́ tán. Nọ́ọ̀sì ni. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé bàtà tí mo fi ń jáde dání.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jáde o. Glatteis ni gbogbo ilẹ̀, yìnyín tó ń yọ̀.”

“Níbo ni mo fẹ́ lọ?”

“Mo mọ̀ yín. Ẹ máa ní ẹ kàn fẹ́ wo ojú ọjọ́ ni.”

Ló bá gbé bàtà náà sórí wọ́dúróòbù, níbi tí ọwọ́ mi kò lè dé, ó sì lọ. Mi ò bá a wí. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣubú lórí yìnyín ní Harburg, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin S-Bahn, egungun ìbàdí rẹ̀ kán, títí di òní ló ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Àtìgbà yẹn ni ẹ̀rù ti ń ba ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ilé tí èèyàn ò lè jáde níbẹ̀, bó ti wù kó móoru tó, bó ti wù kí oúnjẹ pọ̀ nínú fíríìjì tó, kì í pẹ́ sú èèyàn. Kí n tó wá sí Hamburg, ọ̀dọ̀ Káyọ̀dé ẹ̀gbọ́n Bùnmi ni mo wà ní Berlin, níbẹ̀ náà, orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni. Wọ́n ń tọ́jú mi, ó pé. Ṣùgbọ́n orúnkún mi ti ń gan. Bí mo bá fẹ́ dìde, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di tábìlì mú, kí n dúró, kí n tó lè gbẹ́sẹ̀. Ó ti ń bà mí lẹ́rù pé ọjọ́ kan á dé tí mo máa di tábìlì náà mú, tí ẹsẹ̀ ò sì ní gbé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́sàn-án ni Tọ́lání, ọmọ Bùnmi, wọlé. Ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sùn sí, àwọn òbí ọ̀rẹ́ náà ní ẹṣin lẹ́yìn ìlú.

“Hallo, Oma!” Bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà ní Jámánì nìyẹn.

“Kí la kọ́kọ́ ń sọ?”

“Ẹ káàsán, Màmá.” Ó fi orúnkún kan kan ilẹ̀, ó sì dì mọ́ mi.

Àfi bí òórùn ẹṣin ṣe gbá mi nímú! Koríko gbígbẹ, òógùn ẹran, àti ìgbẹ́ ẹṣin tí kì í rùn bíi ti ẹran mìíràn. Ara jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló ti ń jáde. Ó fẹ́ fà sẹ́yìn. “Oma, ich stinke,” ó ní òun ń rùn.

“Dúró bẹ́ẹ̀,” mo ní. “O ò rùn.” Mo fi imú mi síbi kọ́là rẹ̀, mo fà á símú dáadáa.

Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, ó ń fi Yorùbá díẹ̀ àti Jámánì púpọ̀ sọ ohun tí wọ́n ṣe. Omi ẹ̀rọ ti dì, torí náà wọ́n ń gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì láti kíṣìnnì lọ fún àwọn ẹṣin. Wọ́n da aṣọ nípọn bò wọ́n. Wọ́n ń fún wọn ní koríko ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí jíjẹ tí wọ́n ń jẹ ẹ́ náà ló ń mú ara wọn gbóná. Wọn ò jẹ́ kí wọ́n jáde sí pápá, kí wọ́n má baà yọ̀ ṣẹ́ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹṣin bá dúró sójú kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, torí náà wọ́n ń fà wọ́n rìn nínú gbọ̀ngàn kan tó lórùlé.

“Im Kreis, Oma. Immer im Kreis.” Ó fi ìka yí róbótó, róbótó, lójú afẹ́fẹ́.

Mo jókòó nàró lórí àga. Yíyí yẹn yé mi. Mo ti rìn ín rí.

Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí síhìn-ín rò pé kò sí òtútù nílẹ̀ wa. Ẹ ò tíì rí ọyẹ́ ìlú wa lápá òkè Ọ̀yọ́, níbi tí igi ti fọ́n ká, tí koríko sì pọ̀. Ètè á la, gìgísẹ̀ á la, omi inú àmù á tutù débi pé eyín á máa ro èèyàn. Lówùúrọ̀ a kì í rí ilé tó dojú kọ wa, eruku funfun ló máa bo gbogbo rẹ̀. A ó yí iná ká, iwájú wa á máa jó, ẹ̀yìn wa á máa gbọ̀n.

Bàbá bàbá mi ni Baálẹ̀ ìlú náà nígbà tí mo wà lọ́mọdé, òun ló sì ń gun Afínjú. Ẹṣin pupa ni, funfun díẹ̀ wà níwájú orí rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Afínjú torí kì í mu omi nínú igbá tí ẹran mìíràn bá ti fẹnu kàn. Bí o bá tàn án, á ká ètè òkè sókè, á sì wò ọ́ bí ìyálé ṣe ń wo ọbẹ̀ tí ìyàwó kékeré sè. Mọ́mọ́dù ló ń tọ́jú rẹ̀, ọkùnrin ará Ìlọrin kan tó fa ẹṣin náà wá sílùú wa, tí kò sì padà mọ́. Ọ̀rọ̀ tó ń bá ẹṣin sọ pọ̀ ju èyí tó ń bá èèyàn sọ lọ.

Bàbá, Baálẹ̀ náà, papòdà nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú. Ìlú wa ní àṣà kan nígbà náà: bí Baálẹ̀ bá kú, ẹṣin rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà agbo ilé títí Baálẹ̀ tuntun á fi wá gùn ún jáde. Ẹṣin ìlú ni, kì í ṣe ti ilé wa. Ẹni tó bá gùn ún jáde ló joyè, torí náà kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gùn ún rárá. Ìdílé méjì ló sì ń du oyè náà. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n jà, wọ́n túká, wọ́n tún jókòó. Afínjú wà lórí ìso.

Èmi náà wà lórí ìso tèmi. Sòbìà ló yọ lẹ́sẹ̀ mi. Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ dúpẹ́. Aràn gígùn bí òwú ni, tó máa ń dá ẹsẹ̀ lu jáde. Wọ́n á wé e mọ́ igi tín-ín-rín, wọ́n á máa yí i díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kó má baà já sínú. Àwọn ẹgbẹ́ mi lọ síléèwé, wọ́n lọ wẹ̀ lódò, èmi wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹṣin, torí ibẹ̀ ni oòrùn kọ́kọ́ ń dé. Ẹṣin ń wò mí, mò ń wo ẹṣin.

Ibẹ̀ ni mo ti rí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹṣin nígbà òtútù. Bílẹ̀ bá ti mọ́, Mọ́mọ́dù á dá iná èédú sínú àpáàdì, á gbé e sẹ́nu ilé ẹṣin. Á gbé omi kaná, á ki ìgúnpá bọ̀ ọ́ wò bí ìgbà téèyàn fẹ́ wẹ ọmọ tuntun. Ó ní omi tútù á mú kí inú máa lọ́ ọ. Koríko tútù ti gbẹ tán, ewé ẹ̀pà gbígbẹ ló ń jẹ, pẹ̀lú èérí bàbà tí wọ́n bu iyọ̀ díẹ̀ sí. Iṣẹ́ tèmi ni láti ṣa òkúta àti ẹ̀gún kúrò nínú ewé ẹ̀pà náà. Ìyá mi rán àpò ìdọ̀họ méjì pọ̀ tí wọ́n ń dà bò ó lẹ́yìn, ó ń rán an, ó ń kùn: “Ọkọ mi gan-an ò ní aṣọ òtútù, ẹṣin ló ń ránṣọ.”

Ṣùgbọ́n jíjẹ láìrìn kò ṣe é lóore. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wú láti pátákò dé orúnkún. Nígbà tó yá, kò jẹun mọ́, ó kàn gbé orí ti ògiri. Mọ́mọ́dù fọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀ títí, ó wá ní, “Bí eléyìí bá fi lè dùbúlẹ̀, kò ní dìde mọ́.” Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Ẹsẹ̀ tèmi náà ti wú, mo sì ti gbọ́ tí ìyá mi ń bi ẹnì kan bóyá ọmọ yìí á tún rìn dáadáa.

Mọ́mọ́dù lọ bá ìyá àgbà, ìyàwó àkọ́fẹ́ Bàbá, tí agbo ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìyá, ẹ jẹ́ kí n mú un rìn.”

“Mọ́mọ́dù, ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé wa nílùú ni?”

“Mi ò ní gùn ún. Mi ò ní mú un kọjá ẹnu ọ̀nà. Inú agbo ilé níbí la ó ti máa yí.”

“Níbi tí a sá èlùbọ́ sí?”

“Ẹ bá mi kó èlùbọ́ yín.”

Ìyá àgbà wo ẹṣin náà pẹ́. “Tó bá yàgbẹ́ síwájú yàrá mi, ìwọ lo máa kó o.”

“Ta ló ti ń kó o tẹ́lẹ̀?”

Bó ṣe bọ́ sí i nìyẹn. Mọ́mọ́dù tú Afínjú, ó fà á wá síbi ẹní mi, ó gbé mi dìde, ó sì gbé ọwọ́ mi lé èjìká ẹṣin náà. “Fara tì í. Ẹni tí kò lè sáré ló ń fẹ́.” Mò ń tiro, ẹṣin ń tiro. A gba ẹ̀yìn ilé ìdáná, a gba ẹ̀gbẹ́ kànga, a gba iwájú yàrá Bàbá tí wọ́n tì pa, a padà sílé ẹṣin. Àǹtí mi kan pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: “Ẹ wá wo arọ méjì tó ń sin ara wọn rìn o!” Gbogbo obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, kí a tó dìde, òun náà ló gbá òkúta kúrò lójú ọ̀nà wa.

Bí a bá dé ẹnu ọ̀nà agbo ilé, Afínjú á dúró. Á na etí síta. A máa ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ lódò. Mọ́mọ́dù kì í fa okùn. Á dúró tì í títí ẹṣin fúnra rẹ̀ á fi yí padà. Ibẹ̀ ló ń dùn wá jù, àwa méjèèjì.

Díẹ̀díẹ̀, wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó ń jẹun, lọ́jọ́ kan ó yán débi pé ewúrẹ́ sá. Sòbìà náà jáde tán. Nígbà tí ọyẹ́ ń parí lọ, wọ́n fi ẹni tí ìdílé kejì mú wá joyè, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò gun ẹṣin rí. Wọ́n dì í mú lọ́tùn-ún lósì kó tó lè dé orí gàárì. Ìlú pé síta. Afínjú rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó na etí, ó sì yí padà. Ló bá gbé Baálẹ̀ tuntun gba ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó gbà á ní ẹ̀gbẹ́ kànga, Baálẹ̀ ń ké pe Ọlọ́run, àwọn àgbà ń pariwo pé ẹṣin kọ̀ ọ́. Kò kọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí a fi kọ́ ọ ló ń ṣe.

Mọ́mọ́dù tẹ̀ sí mi létí. “Lọ dúró níta.”

Mo kọjá ẹnu ọ̀nà náà ní ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń dùn mí, mo dúró sínú oòrùn. Afínjú tún yípo dé. Ó dúró, ó rí mi, ó sì tọ̀ mí bọ̀. Ìlú hó yèè. Ó kọjá lára mi, ó ń gbé Baálẹ̀ lọ sí agbo ilé ìdílé kejì, kò wẹ̀yìn. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò. Kò tiro.

Mọ́mọ́dù ti kú tipẹ́. Mọ́tò ni Baálẹ̀ ń gùn báyìí, wọ́n sì ń ta omi inú ọ̀rá níbi tí ilé ẹṣin wà. Sòbìà ti lọ, kó má padà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣì ń gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ẹṣin lẹ́yìn ìlú Hamburg níbí, ó ṣì ń fà á yípo kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà kú, ọmọ ọmọ mi sì wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Sọ́ńdè, mo ní kí Tọ́lání gun àga, kó bá mi gbé bàtà mi. Mo pe ìyá rẹ̀ níbi iṣẹ́ kó má baà jẹ́ pé a yọ́ ọ ṣe.

“Màmá, kí lẹ fẹ́ fi bàtà ṣe?”

“Ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè níbí ni mo ti fẹ́ rìn. Mi ò ní dé ìsàlẹ̀.”

“Kí Tọ́lání wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín o.”

Mo gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ náà, a jáde. A rìn kọjá lẹ́nu ọ̀nà àwọn ará ilé, òórùn ọbẹ̀ oríṣiríṣi ń jáde. Orúnkún mi ń ké. Ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, gíláàsì ńlá kan wà, mo dúró níbẹ̀, mò ń wo ilẹ̀ tó ń dán nísàlẹ̀ àti àwọn tó ń rọra rìn lórí rẹ̀. Mo dúró pẹ́. Tọ́lání kò fà mí. Ó dúró tì mí títí èmi fúnra mi fi yí padà.