Kútẹ́ẹ̀sì Pupa Lábẹ́ Maṣíìnì

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò níbi iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni ń sọ pé, "Ta ni píípíì ń pa lára?", mo máa ń dá a lóhùn. Píípíì ni àwa mẹkáníìkì ń pe iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ń gbà lábẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà ọ̀gá rẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti wá orúkọ tó dùn ún gbọ́ fún un, wọ́n ń pè é ní sáìdì họ́sù. Orúkọ ò kàn mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó pa lára fún yín.

Ìdúmàgbò ni ṣọ́ọ̀bù wa wà. A ń ta maṣíìnì ìránṣọ, a sì ń tún un ṣe. Mẹkáníìkì méjì ló wà níbẹ̀, èmi àti Bọ̀ọ̀dá Sùrájù tó kọ́ mi níṣẹ́. Bí a bá ti parí maṣíìnì kan, a ó kán kútẹ́ẹ̀sì pupa tí àwọn obìnrin ń kùn sí èékánná sórí súkúrù ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá tú u, kútẹ́ẹ̀sì á fọ́, a ó mọ̀ pé ọwọ́ àjèjì ti débẹ̀. Bí kò bá fọ́, ohunkóhun tó bá ṣe maṣíìnì náà, ọrùn ṣọ́ọ̀bù ló wà.

Lọ́jọ́ tí Bọ̀ọ̀dá Sùrájù fún mi ní ìgò kútẹ́ẹ̀sì temi, wọ́n ní, "Orúkọ ọ̀gá lo gbé dání yẹn o. Má fi kun ohun tí ọ̀gá ò rí."

Mo fọwọ́ síwèé pé mi ò ní gba iṣẹ́ oníbàárà ṣọ́ọ̀bù lábẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo Sọ́ńdè ni mò ń lọ bá àwọn aránṣọ nílé. Mò ń sọ fún ara mi pé ọwọ́ mi ni, ọjọ́ ìsinmi mi ni. Irọ́ gbuu! Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti mọ gbogbo wọn, orúkọ ṣọ́ọ̀bù ló sì ń jẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi.

Bísí, aránṣọ kan ní Ìsàlẹ̀ Gángan, wà lára wọn. Mo purọ́ fún un pé ṣọ́ọ̀bù ló rán mi. Wáyà mọ́tò maṣíìnì rẹ̀ ló já. Mi ò ní téèpù lọ́wọ́, mo fi ọ̀rá wé e, mo ní n ó padà wá ṣe é dáadáa. Ẹ wá wo ìwà òmùgọ̀: ọwọ́ mi lọ sínú àpò fúnra rẹ̀, mo yọ kútẹ́ẹ̀sì, mo kán an sórí súkúrù. Ohun tí mo ti ń ṣe lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́rin ni, mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ṣe é. Mi ò sì padà lọ.

Ní Mọ́ńdè kan, ọkọ Bísí gbé maṣíìnì náà wọlé, ó gbé e kalẹ̀ gbì. Iná mànàmáná ti gbé ìyàwó rẹ̀ nídìí maṣíìnì náà, ó wà ní ọsibítù, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti jóná. Ọkùnrin náà kò mọ ẹni tó tún un ṣe, ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ fún un kò ju pé òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa ni. Ó dojú maṣíìnì dé, ó na ìka sí kútẹ́ẹ̀sì.

"Ṣé àmì yín kọ́ nìyí? Lọ́yà mi ń bọ̀!"

Alhaji ọ̀gá wa wo ìwé rísíìtì, kò rí iṣẹ́ yẹn lórúkọ Bísí, ó sì yé e pé píípíì ni. Ẹ má bínú pé mi ò pè é ní "wọ́n". Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí ọ̀wọ̀ rẹ̀ tán lójú mi. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Nítorí pé Ìsàlẹ̀ Gángan ni Bọ̀ọ̀dá Sùrájù ń gbé, ó já báàgì wọn gbà, ó da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà: ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́, tẹ̀súbáà, ìgò kútẹ́ẹ̀sì.

"Kí nìyí? Olè!"

"Alhaji, ẹ̀yin lẹ fún mi. Mi ò fọwọ́ kan maṣíìnì yẹn rí."

"Ta ló wá fọwọ́ kàn án? Èmi?"

Ìgò temi wà nínú àpò ṣòkòtò mi bó ṣe ń béèrè yẹn. Mo tẹjú mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ má sọ pé ọmọdé ni mí nígbà náà. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ọjọ́ méjì gbáko ni Bọ̀ọ̀dá Sùrájù fi jókòó sídìí tábìlì wọn láì fọwọ́ kan iṣẹ́, Alhaji ń dúró de lọ́yà. Oníbàárà tó bá wọlé, Alhaji á sọ fún un pé, "Ẹ má gbé maṣíìnì yín fún ìyẹn o." Ọkùnrin tó ti fi ọdún mọ́kànlá gbé ṣọ́ọ̀bù náà ró! Bọ̀ọ̀dá Sùrájù bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Ṣé o mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí?"

Mo ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n."

Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ Bísí wá sọ pé wọ́n ń dá ìyàwó òun sílẹ̀ lọ́la, àti pé ìyàwó náà yóò wá fojú dá ẹni tó tún maṣíìnì ṣe mọ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó jẹ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má yìn mí. Òótọ́ kọ́ ló mú mi sọ̀rọ̀, ẹ̀rù ni.

Alhaji lé mi lójú ẹsẹ̀, ó tọ́ sí mi. Mo fọwọ́ síwèé níwájú lọ́yà pé èmi ni mo jẹ̀bi, mo sì ru ẹrù ìtọ́jú Bísí. Ọwọ́ náà san, ṣùgbọ́n ìka méjì kò ká dáadáa mọ́, aránṣọ sì ni. Alhaji wá kọjú sí Bọ̀ọ̀dá Sùrájù, ó ní, "Ó ti parí, padà sẹ́nu iṣẹ́." Kò ní pẹ̀lẹ́, kò ní má bínú! Bọ̀ọ̀dá Sùrájù ṣa ẹrù wọn, wọ́n gbé ìgò kútẹ́ẹ̀sì ka iwájú Alhaji, wọ́n jáde, wọn ò sì padà wá mọ́.

Èmi náà ti ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, mo ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta. Mi ò ní kí wọ́n má gba iṣẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ fún mi, kí wọ́n fi oníbàárà mi sílẹ̀, kí oníkálukú sì ra kútẹ́ẹ̀sì àwọ̀ tirẹ̀ fún iṣẹ́ ìta bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ń lo aláwọ̀ ewé. Àwọn ènìyàn ń fi mí rẹ́rìn-ín, kò kàn mí.

Kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù náà, mo kó àwọn àgbà lẹ́yìn lọ bẹ Bọ̀ọ̀dá Sùrájù nílé. Wọ́n fún wa lómi, wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí. Bí a ṣe fẹ́ dìde, wọ́n pè mí padà.

"Ọjọ́ méjì tí wọ́n fi ń pè mí lólè yẹn, níbo lo wà?"

Mo kúnlẹ̀. "Iwájú yín ni mo wà, ẹ̀gbọ́n."

"Mo mọ̀," wọ́n ní. "Ẹnu ara rẹ ni mo fẹ́ kó ti jáde."