Bí Dorla Hatch Ṣe Sùn Nínú Àgọ́ Merle

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Dorla Hatch fi wa ọkọ̀ àwọn ọmọ iléèwé ní Pruett, ìlú wa ní Idaho. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì, kò sí ohun tó tún ń fi gbogbo làákàyè rẹ̀ ṣe ju bí yóò ṣe gba àyè kẹrin létí odò Lorrel.

Àyè méje péré ni wọ́n là síbẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ pàgọ́. Èèyàn ò lè gbà á sílẹ̀ láti ilé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín. Àyè kẹrin ló wà lábẹ́ igi ńlá, tí èèyàn lè jókòó sórí àga kó sì ju ìwọ̀ sómi. Ọdún mẹ́ta léraléra ni Merle Tibbets, tó ń pín lẹ́tà nílùú wa tẹ́lẹ̀, ti gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, tó sì ń juwọ́ sí i láti orí àga bí ọba.

Lọ́dún yìí, Dorla lọ síbi tí gbogbo wa ti ń mu kọfí, ó ń ráhùn pé orúnkún ń dun òun, òun ò ní lè lọ sódò títí di Sátidé. Merle bá a kẹ́dùn gan-an. Ó tiẹ̀ júwe ìpara kan fún un.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni Dorla wakọ̀ lọ. Nígbà tó débẹ̀, àgọ́ kan ti wà lórí àyè kẹrin, bàtà òjò sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó kí wọn nínú àgọ́, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó yọjú wọlé, ó bá a lófìfo. Orúkọ Merle wà lára bàtà. Bàbá náà ti wá pàgọ́ sílẹ̀, ó sì ti padà sílé rẹ̀ lọ sùn.

Dorla lọ ka òfin tí wọ́n kọ sára pátákó, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ẹni tí kò bá sùn síbẹ̀ lálẹ́ àkọ́kọ́ kò ní àyè. Wọn ò sọ inú àgọ́ ta ló gbọ́dọ̀ sùn. Ló bá kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gba àyè, ó jù ú sínú àpótí tó wà nídìí pátákó, ó gbé ìrọ̀rí wọnú àgọ́ Merle.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ ni Merle dé. Ó bá Dorla níbi tó ti ń dín ẹja, bàtà òjò Merle lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Merle ní, "Orúnkún ńkọ́?"

"Ó ti san. Ìpara tó o júwe yẹn dáa."

"Inú àgọ́ mi lo sùn."

"Mo rí i pé ó dá wà, mo ní kí n bá ẹ ṣọ́ ọ."

Merle ní òun máa fẹjọ́ sun olùtọ́jú ibẹ̀. Dorla ní kó lọ, kó sá má gbàgbé láti sọ ibi tí Merle alára sùn lánàá.

Merle ò lọ sọ́dọ̀ olùtọ́jú mọ́. Àyè keje nìkan ló ṣẹ́ kù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyàgbẹ́. Àgọ́ Dorla ló yá lọ pa síbẹ̀, nítorí Dorla ní ara òun ti mọ́ tirẹ̀. Nírọ̀lẹ́, Merle gbé àga wá sí àyè kẹrin láìkí ẹnikẹ́ni, ó jẹ ẹja méjì, ó sì ní iyọ̀ ti pọ̀ jù.

Ní Sọ́ńdè, wọ́n jọ tú àgọ́ méjèèjì. Merle ní òun ò ní wá lọ́dún tó ń bọ̀, ọmọbìnrin òun tó wà ní Boise máa bímọ. Dorla bá a yọ̀ tọkàntọkàn. Bó ṣe délé, ó kan ilẹ̀kùn mi, ó ní kí n bá òun wádìí bóyá ọmọbìnrin Merle lóyún lóòótọ́.