Gbogbo Kíkí Ni Alhaji Ń Dáhùn

Ojo ni mí. Kí n ti sọ ìyẹn ná, kí ẹni tó ń kàwé yìí má baà máa retí akọni. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń kọ́ iṣẹ́ títọ́jú àwọn tí ọ̀rọ̀ ò já geere lẹ́nu wọn mọ́, tàbí tí oúnjẹ ò gba ọ̀fun wọn bó ṣe yẹ, ẹ̀rù ni mo fi ń jẹun àárọ̀. Bọ́ọ̀sì kan ló máa ń gbé mi láti Peckham ní London dé ọsibítù tí wọ́n rán mi lọ kọ́ṣẹ́. Àwọn tí a jọ ń kàwé ń bẹ̀rù ìdánwò. Èmi ń bẹ̀rù omi. Omi ife kan lásán, tó bá gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn, ó lè dá àìsàn tó máa gbẹ̀mí rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó gbé omi náà fún un á sì wà níbẹ̀ tí á máa wò.

Bàbá àgbà Yorùbá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tí gbogbo èèyàn ń pè ní Alhaji. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún wọn, ó sì ti gbá gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ní London láti ìgbà ọ̀dọ́ lọ. Yorùbá nìkan ló kù. Àwọn dókítà ya fọ́tò ọ̀fun wọn níbi tí wọ́n ti ń mu omi, a sì rí i lójú ẹ̀rọ pé omi ń jò wọ ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé Alhaji ò wúkọ́ rárá. Ọ̀fun tó yẹ kó pariwo ti sùn lọ. Omi tí a ti fi ìyẹ̀fun kan mú ki nìkan ni wọ́n lè mu, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà kí wọ́n tó gbé e mì, nígbà gbogbo.

Ìyàwó wọn, tí mò ń pè ní Mummy, fẹ́ mú wọn lọ sílé. Mummy ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Forest Hill, àwọn ọmọ wọn ò sì sí nítòsí, nítorí náà Alhaji á máa dá wà nílé láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Gbogbo ọ̀rọ̀ wá dórí ẹyọ kan: ṣé òfin omi yẹn yé Alhaji? Bó bá yé wọn, kí wọ́n máa lọ sílé wọn láyọ̀. Bí kò bá yé wọn, omi ẹ̀rọ inú kíṣìnnì wọn ti tó láti pa wọ́n.

Ọ̀gá mi, òyìnbó obìnrin kan tí kì í pariwo, tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ sì máa ń mú mi làágùn, ti kọ́kọ́ pe ògbifọ̀ kan lórí fóònù. Ògbifọ̀ kí Alhaji, Alhaji dáhùn. Ó béèrè àlàáfíà ara, Alhaji ní a dúpẹ́. Ṣebí ọmọ Yorùbá ni ògbifọ̀ náà, kò ní já lu ìbéèrè láìtíì kí àgbà tán. Nígbà tó fi máa kí wọn tán, inú rẹ̀ ti dùn débi pé ó ní kò sí ohun tí kò yé Bàbá. Àwọn nọ́ọ̀sì Nàìjíríà sọ bẹ́ẹ̀ náà. Èmi pẹ̀lú máa ń kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn láràárọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Ilé ńkọ́? Ṣé dáadáa ni gbogbo wọn wà?"

Ta ló máa gbọ́ irú èyí tí á rò pé nǹkan ṣe ẹni tó ń sọ ọ́?

Lówùúrọ̀ ọjọ́ ìpàdé tí wọ́n fẹ́ fi pinnu bóyá Alhaji lè lọ sílé, ọ̀gá mi ní kí n lọ dán Alhaji wò ní èdè wa, kí n sì wá sọ ohun tí mo bá rí níwájú gbogbo wọn. Mo ní kí Alhaji tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. O ṣé o." Àgbọ̀n ò mira. Mo tún un sọ. Wọ́n ní, "A dúpẹ́ o." Mò ń tan ara mi pé àgbà ni wọ́n, bóyá kò wù wọ́n kí ọmọdé máa pàṣẹ fún wọn. Ṣùgbọ́n àyà mi ti ń já. Ló bá wá sí mi lọ́kàn pé kí n sọ ohun tí Yorùbá kankan ò ní jẹ́ kó kọjá. Mo kúnlẹ̀ dáadáa, mo sì kí wọn bí a ṣe ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

"Ẹ kú ewu ọmọ o, Alhaji."

Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n bú mi. Kí wọ́n ní, orí ẹ dàrú ni, àbí èmi ni mo lóyún? Kí wọ́n ṣáà yà mí lẹ́nu. Alhaji mi orí.

"Ewu iná kì í pa àwòdì. O ṣé, ọmọ mi. Ọlọ́run á pèsè fún ìwọ náà."

Bí ìyálọ́mọ ṣe máa dáhùn gan-an nìyẹn. Kíkí ti jókòó sí ẹnu wọn láti kékeré, àrùn ò rí i gbé, ṣùgbọ́n ohun tí à ń sọ gan-an kò dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́.

Mo sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́, mo ti ilẹ̀kùn. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo Mummy, obìnrin tó ń pè mí ní ọmọ mi, tó ti ń fi àdúrà bá mi wá ọkọ láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́? Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo lé àgbàlagbà kúrò nílé rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, kò sí ẹlòmíràn tó máa mọ̀. Kí n má purọ́ fún yín, mo ronú láti dákẹ́. Mo ronú rẹ̀ gan-an, àfi ìgbà tí mo rántí ọ̀fun tí kò wúkọ́ yẹn.

Nínú yàrá ìpàdé, dókítà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, ọ̀gá mi náà ń wò mí. Alhaji jókòó sórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, Mummy sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì tán, mo wá yí sí Mummy.

"Mummy, ẹ má bínú sí mi. Ohun tí à ń sọ ò yé Alhaji mọ́."

"Kí lo sọ? Alhaji tó dáhùn salaam mi just now, lójú gbogbo yín? Àwọn òyìnbó yìí, mo lè understand wọn, they don't know. Ìwọ ńkọ́? Ṣé university ti bà ẹ́ jẹ́ tó báyẹn ni? Ẹni tó bá ń dáhùn kíkí, ṣé kò gbọ́ni ni?"

Mo sọ bí mo ṣe kí Alhaji kú ewu ọmọ, mo sọ ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn. Nọ́ọ̀sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú Mummy, ó pa á mọ́ra. Mo rò pé Mummy máa gbá mi létí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wù mí kí wọ́n ṣe é.

Mummy ò fọwọ́ kàn mí. Wọ́n fa àga wọn wá síwájú ọkọ wọn, wọ́n tún fìlà rẹ̀ ṣe. Òjòwú paraku ni Alhaji nígbà ara líle, Mummy fúnra wọn ló sọ fún mi, pé ẹni tó bá kí àwọn pẹ́ jù ní mọ́ṣáláṣí, ìjà ni nílé.

"Alhaji," ni Mummy wí, ohùn wọn rẹlẹ̀. "Mo ti rí ọkọ mìíràn o. Friday ni nikah wa."

Alhaji fi ọwọ́ òsì gbá ọwọ́ ìyàwó wọn mú.

"Alhamdulillah," ni wọ́n wí. "Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i."

Ọ̀gá mi bi mí pé kí ni wọ́n sọ. Mummy ló gbójú sókè, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún dókítà pé Alhaji ò lè dá wà nílé, pé àwọn á bá manager àwọn sọ̀rọ̀ lórí shift. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá yí sí mi.

"Kí ni màá wá máa bá wọn sọ nílé?"

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn.

"Ẹ máa kí wọn, Mummy," ni mo wí, ẹ̀rù sì ń bà mí bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Wọ́n yí padà sí ọkọ wọn.

"Alhaji, ẹ kú ìjókòó."

"Káàbọ̀, káàbọ̀. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Omijé ti ń bọ́ lójú Mummy, ṣùgbọ́n wọ́n dá Alhaji lóhùn, wọ́n ní ilé wà, àwọn ọmọ wà, gbogbo wọn ló ní kí àwọn kí Daddy.