Omi tí Ẹ̀gbọ́n Mi Sin

Ọdún tí ìjọba ti bọ́dà pa ni ọmú mi òsì wú. Kò dùn mí. Ó kàn ń tóbi sí i ni, débi pé kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, kọ́mú tí mo wọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ ò gbà á mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ohun tí Ọlọ́run fún mi nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọmọ mẹ́rin, ọmú mi ti wọlẹ̀, èmi sì fẹ́ kó dúró. Nígbà yẹn ọjà tọkí inú yìnyín tí mo ń tà ń lọ dáadáa ní Ìlaròó, ọ̀sẹ̀ kì í lọ kí n má gba Ìdí-Ìrókò kọjá sí Kútọnu. Ibẹ̀ ni mo ti rí dókítà tó fi àpò sìlíkónì sí méjèèjì fún mi. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kó máa ṣe é lọ. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi gbádùn wọn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí a jọ ń gbé nìkan ló sì mọ̀.

Mo pe dókítà náà lórí fóònù. Ọmọ Sákétẹ́ ni, Faransé kì í jìnnà sí Yorùbá rẹ̀.

"Màmá, ẹ máa bọ̀ kíákíá."

"Ọ̀nà wo ni kí n gbà, dókítà? Wọ́n ti ti bọ́dà."

Ó wá ṣàlàyé pé tí wọ́n bá fi àpò sínú ara, ara a máa hun awọ yí i ká, omi sì lè gbá jọ sáàárín àpò àti awọ yẹn lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi lásán ni. Ó lè jẹ́ pé nǹkan gbá ibẹ̀, tàbí pé kòkòrò àìsàn wọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, jẹjẹrẹ kan tí wọ́n ń pè ní límfómà ló fà á. Kì í ṣe jẹjẹrẹ ọmú gan-an, inú awọ yẹn ló ń gbé. Tí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n á yọ àpò àti awọ náà, ènìyàn á sì bọ́. Tí wọn ò bá tètè rí i, á rìn lọ síbòmíràn nínú ara.

"Écoutez, ẹ gbọ́ mi, Màmá. Ojú ò lè dá a mọ̀. Omi tó mọ́ lè ní in, omi tó pọ́n lè má ní in. Láàbù nìkan ló lè sọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn fà á kí wọ́n dà á nù."

Mo rí dókítà kan ní Ìlaròó tó gbà láti fà á. Ó fi ẹ̀rọ wo inú ọmú náà, ó ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, omi kún ìgò méjì. Ó kọ irú àyẹ̀wò tí wọ́n máa ṣe sínú ìwé, ó ní kí n fi ìgò náà sínú fíríìjì, kí n gbé e lọ sí láàbù ní Èkó fúnra mi lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmú mi rọlẹ̀ bíi pé kò ṣe mí rí.

Nígbà tí mo ṣí fíríìjì láàárọ̀, ìgò ò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbá ẹ̀yìn ilé. Mo bi í pé ìgò dà.

"Mo ti fọ̀ wọ́n. Mo ti bá ẹ sin omi náà sídìí ọsàn, mo sì ka Fátíhà sí i."

"Kí lẹ sọ?"

"Omi tó mọ́ ni, mo wò ó dáadáa. Ṣé kí ẹni tí a ò mọ̀ rí wá máa gbé omi ara ẹ kiri Èkó ni?"

Bí ìyá wa ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ìwọ́ ọmọ, irun tí wọ́n kọ́kọ́ fá, èékánná, ohunkóhun tó bá ti ara wa jáde, ilẹ̀ ló ń lọ, kí ẹni ibi má baà rí i mú. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ dáàbò bò mí ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, síbẹ̀ mo pariwo mọ́ ọn. "Ìwọ lo máa pa mí!" Mo fi ìwọ pe ẹni tó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ. Mo kúnlẹ̀ sídìí ọsàn, mo ń fi ọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀ bí aṣiwèrè. Erùpẹ̀ tútù lásán ni mo bá níbẹ̀.

Dókítà Ìlaròó ní kò sí ohun tí òun lè fà mọ́, àfi ká dúró kó tún kún. Bí mo ṣe di ẹni tó ń tọrọ àìsàn nìyẹn. Àwọn tí a jọ ń tà lọ́jà ń bẹ Ọlọ́run kí bọ́dà ṣí. Èmi ń bẹ̀ ẹ́ kí ọmú mi wú. Àràárọ̀ ni mo ń fi téèpù aránṣọ wọ̀n ọ́n, tí kò bá yí padà, inú mi a bàjẹ́, tí mo bá sì rántí ohun tó ń bà mí nínú jẹ́, ẹ̀rù ara mi a bà mí. Ẹ̀gbọ́n mi ò lè wojú mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmú náà tún wú, ó wúwo. Mo sáré jáde, mo gbé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi lé e. "Ó ti dé!" A dì mọ́ra, à ń rẹ́rìn-ín. Òun ló kọ́kọ́ dákẹ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí dókítà tún fà á tán, òun fúnra rẹ̀ ló kó ìgò sínú kúlà, tó gbé e lé itan dé Èkó. Gbogbo ibi tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù dúró sí lójú ọ̀nà ni wọ́n ti ní ká ṣí i, wọ́n rò pé tọkí la gbé. "Omi ara àbúrò mi ni," ló ń sọ fún wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mì í."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, dókítà Ìlaròó ka èsì náà fún mi. Wọ́n rí i. Límfómà ni. Ó ní bí àwòrán tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà fún mi ṣe fi hàn, kò tíì rìn jáde nínú awọ náà, iṣẹ́ abẹ ló kù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo dìde.

Ẹ̀gbọ́n mi ń dúró dè mí níta. Mo sọ fún un. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ṣòfò yẹn," ló wí, "ṣé òun ló dá a sílẹ̀?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Dókítà ní kò yí nǹkan kan padà."

Ó mí kanlẹ̀. Dókítà ò sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò bi í, nítorí ẹ̀rù ìdáhùn rẹ̀ ń bà mí, mi ò sì tíì bi í títí dòní.